Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì lórí ilé tó fẹ́ kọ́ sí Ìgbógbó

Ìyá Ìbejì mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta, o kú òtútù Manchester. Táyé ńkọ́, ṣé ó ti rí iṣẹ́ tó ń wá kiri yẹn? Kẹ́hìndé náà ńkọ́, ẹ bá mi kí gbogbo wọn. Fóísì nóòtì tó o fi ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ, mi ò sì dáhùn torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ téèyàn ń fi ìṣẹ́jú méjì sọ lórí ìdúró. O ní owó tó o ti ń tọ́jú látọjọ́ yìí lo fẹ́ fi kọ́ fúláàtì 6 sórí ilẹ̀ rẹ ní Ìgbógbó ní Ìkòròdú, kí owó ilé máa wọlé fún ẹ tó o bá ti fẹ̀yìn tì, o ní èmi tí mo ti ń ṣe láńlédì látìgbà tí ọkọ mi, Bàbá Dàmọ́lá, ti ṣaláìsí ni kí n sọ òótọ́ fún ẹ. Ó dáa. Jókòó kà á dáadáa, má kà á nínú bọ́ọ̀sì.

Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, púlọ́mbà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé mi ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni omi ti ń jò látòkè bọ́ sí kíṣìnì Ìyá Ṣadé nísàlẹ̀, ó kọ́kọ́ dà bí òógùn lára àjà, nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í kán, wọ́n wá ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ̀ ẹ̀ sùn. Púlọ́mbà tí mo kọ́kọ́ pè ní páànù ló ń jò, ó gba owó iṣẹ́ ẹ̀ ó lọ. Káfíńtà gun òkè páànù, ó ní kò sí ibì kankan tó lu, páìpù ni. Ìyá Ṣadé ò bú mi o, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù, ńṣe ló kàn máa ń kí mi láàárọ̀ pé “ẹ káàárọ̀ mà, ó tún jò lánàá o”, á sì kọjá lọ síbi iṣẹ́ ẹ̀.

Òní ni ọmọkùnrin kan tí ará ṣọ́ọ̀ṣì mi júwe fún mi wá dé. Kò fọ́ nǹkan kan fún bíi wákàtí kan, ó kàn ń da omi sílẹ̀ balùwẹ̀ òkè díẹ̀díẹ̀, á sáré sọ̀kalẹ̀ lọ wo àjà, á tún gòkè. Ìgbà tó yá ó ní “Mà, ẹ jẹ́ n fọ́ táìsì mẹ́rin péré”. Ó fọ́ ọ, ó ki ọwọ́ bọ ẹnu páìpù tí omi ìwẹ̀ ń gbà jáde, ó fa nǹkan dúdú kan yọ, ó rùn. Ó fi omi ṣàn án. Bébà àpò sìmẹ́ǹtì ni. Ìyá Ìbejì, bébà tí àwọn bíríkìlà fi dí ẹnu páìpù kí kọnkéré má baà já sínú ẹ̀ lọ́dún 2009 tí à ń kọ́ ilé, wọ́n yọ díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n gbàgbé ìyókù! Látọjọ́ yẹn ni irun àti ọṣẹ ti ń lẹ̀ mọ́ ọn, títí omi fi rí ẹ̀gbẹ́ ojú àsopọ̀ gbà jáde. Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, lẹ́tà pupa orí ẹ̀ ṣì hàn fírífírí. Ọjọ́ tí wọ́n ń to páìpù yẹn, ojú Bàbá Dàmọ́lá ni, ó dúró tì wọ́n látàárọ̀, èmi ni mo gbé ẹ̀wà àti búrẹ́dì wá fún wọn lọ́sàn-án. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn mo sunkún díẹ̀, ọmọkùnrin náà rò pé owó táìsì ni mò ń ro.

Wò ó, ọkọ mi dúró níbẹ̀ o, kò lọ ibì kankan, nǹkan yẹn ṣì ṣẹlẹ̀. Ìwọ tó o máa wà ní Manchester tí wọ́n á máa fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ńkọ́? Fọ́tò ò lè fi inú páìpù hàn ẹ́.

Ti táìsì náà tún wà níbẹ̀. Irú èyí tí a lò nígbà yẹn ò sí lọ́jà mọ́, mẹ́rin tí mo fẹ́ fi dípò á yàtọ̀ sí ìyókù títí láé. Tó o bá ń ra tìẹ, ra páálí méjì lé e, kó o tọ́jú ẹ̀ sábẹ́ àtẹ̀gùn.

Ó yá, ọ̀rọ̀ owó. O ṣe ìṣirò fún mi lórí fóònù pé iye báyìí lọ́nà mẹ́fà jẹ́ iye báyìí. Èmi náà máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Fúláàtì mẹ́ta ni mo fi háyà, ọ̀kan ni mò ń gbé. Lọ́dún tó kọjá, méjì nínú ẹ̀ san 600,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, Ìyá Ṣadé san 400,000, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 1,600,000. Pọ́ńpù inú bóòhóòlù jóná ní oṣù kẹta, tuntun pẹ̀lú owó àwọn tó fà á jáde jẹ́ 285,000. Ọkọ̀ tó ń fa ṣáláńgá wá lẹ́ẹ̀mejì, 90,000. Mo kun fúláàtì kan lọ́dà, mo pààrọ̀ ilẹ̀kùn méjì, 310,000. Páànù ẹ̀yìn tí ìjì ká, 120,000. Géètì tó já, 65,000. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 870,000, ó ku 730,000, nínú ìyẹn ni mo ti yọ owó ilẹ̀ tí ìjọba Èkó ń gbà, owó àdúgbò, owó àwọn ọlọ́dẹ. Sìmẹ́ǹtì tí mo rà ní 2,600 lọ́dún 2020 tí a gbé fẹ́ǹsì sókè, 9,500 ni mo ra báàgì ẹ̀ lọ́dún tó kọjá fún iṣẹ́ kékeré kan lásán. Látìgbà tí wọ́n sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, epo tí mo fi ń tan jẹ́ẹ̀nì fa omi fún gbogbo ilé nígbà tí iná ò bá sí, mi ò tiẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ mọ́, torí ọjọ́ tí mo bá kọ ọ́ mi ò ní sùn.

Kì í ṣe pé mò ń ráhùn o. Ilé yìí ló ń bọ́ mi, òun ló ran Dàmọ́lá jáde yunifásítì. Mo kàn fẹ́ kó o mọ iye tó ń dé ọwọ́.

Ṣùgbọ́n páìpù rọrùn, Ìyá Ìbejì. Èèyàn ni iṣẹ́ náà gan-an. N óò sọ ohun kan fún ẹ tí mi ò sọ fún ẹ rí. Ṣé o rántí Bàbá Ṣẹ́yẹ, télọ̀ tó wà nísàlẹ̀, tó rán aṣọ tó o wọ̀ níbi òkú ìyá ẹ? Ọdún mẹ́fà ló lò lọ́dọ̀ wa. Bí ẹnu ẹ̀rọ bá bàjẹ́, òun fúnra ẹ̀ ló ń tún un ṣe, kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. 200,000 ló ń san. Lọ́dún 2018 éjéntì kan wá bá mi, ó ní mò ń ṣòfò, 350,000 ni wọ́n ń gbà ládùúgbò, mo bá gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá Ṣẹ́yẹ wá bá mi lálẹ́, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n jẹ́ kí òun san 260,000 ná, tó bá dọdún tó ń bọ̀ òun á fi kún un. Mo ní rárá. Èmi ni mo sọ ọ́. Ní ìparí oṣù wọ́n kó jáde, wọ́n fọ ilẹ̀ ilé, ó fi kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta sínú ẹ́ńfílóòpù, ó kọ “a dúpẹ́ mà” sára ẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni fúláàtì yẹn fi ṣófo. Ìwọ náà ṣírò ẹ̀, 130,000 ni mo fi ṣòfò nínú 260,000 tí ọkùnrin náà bẹ̀ mí pé kí n gbà.

Ẹni tí éjéntì náà mú wá lẹ́yìn ẹ̀ gun mọ́tò ńlá, ó san owó ọdún kan, owó àgírímẹ́ǹtì, owó éjéntì, gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, inú mi dùn. Ọdún náà pé, kò san nǹkan kan mọ́ fún oṣù 14. Tí n bá kanlẹ̀kùn á ní ìyàwó òun ń sùn. Àbúrò mi ọkùnrin ní kí n jẹ́ kí àwọn kó àwọn ọmọkùnrin wá yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé ẹ̀, á kó jáde lọ́jọ́ kan. Mo ní kò ṣeé ṣe.

O mọ̀dí ẹ̀? Nígbà tí oyún Dàmọ́lá pé oṣù mẹ́jọ nínú mi, yàrá kan ni à ń gbé ní Múṣin, wọ́n dá Bàbá ẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́, a jẹ owó ilé oṣù mẹ́rin. A ti ọjà dé lọ́jọ́ kan, lánlọ́ọ̀dù ti yọ ilẹ̀kùn wa lọ. Ìró mi la so sẹ́nu ọ̀nà fún òru mẹ́ta, Bàbá Dàmọ́lá gbé àpótí síbẹ̀, ó jókòó lé e títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Mo sọ fún Ọlọ́run lọ́jọ́ yẹn pé tí n bá kọ́ ilé, mi ò ní yọ ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni.

Òfin náà ò tiẹ̀ gbà á. Òfin ayálégbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011, nígbà Fáṣọlá, lọ́yà kà á fún mi: ẹni tó bá fi ipá lé ayálégbé jáde tàbí tó ń ba ilé jẹ́ mọ́ ọn lórí, òun ni òfin máa mú. Ayálégbé ọlọ́dọọdún, tí ẹ ò bá kọ nǹkan mìíràn sínú àgírímẹ́ǹtì, nótíìsì oṣù 6 ni, lẹ́yìn náà ni nótíìsì ọjọ́ 7, kó tó wá kan kóòtù. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ní o ò gbọ́dọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, nítorí náà owó ọdún méjì tó o ní o fẹ́ máa gbà yẹn, yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò ẹ. Tèmi ò dé kóòtù, Citizens’ Mediation Centre tó jẹ́ ti ìjọba Èkó ló bá wa parí ẹ̀, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin náà san ìdajì, ó buwọ́ lùwé ọjọ́ tó máa lọ, ó sì lọ lọ́jọ́ náà lóòótọ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri ló kó lọ, gbogbo ẹ̀, ó fi wáyà sílẹ̀ lóde gbọrọrọ, ó tú ẹnu ẹ̀rọ síńkì náà.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi jẹ́ kí wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ lórí owó Ìyá Ṣadé. Tíṣà ni, ní ilé-ìwé aládàáni, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń pín owó ẹ̀ san lọ́dún, láti 2014 kò tíì yẹ ọjọ́ rí. Díẹ̀díẹ̀ ni mò ń fi kún tiẹ̀, a ó sì ti jọ sọ ọ́ ní oṣù mẹ́rin ṣáájú. Àwọn lánlọ́ọ̀dù yòókù nípàdé wa ní mò ń ba ọjà jẹ́ fún àwọn. Kí wọ́n máa sọ ọ́.

Ó yá, tìẹ. Kọ́ ọ, mi ò ní kó o má kọ́ ọ, ṣùgbọ́n fúláàtì 6 ti pọ̀ jù fún ẹni tí kò sí nílé. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú méjì, kó o fi ìpìlẹ̀ èyí tó kù sílẹ̀. Kí kálukú ní mítà iná tiẹ̀, torí ìjà tí mo ti là nítorí mítà àjùmọ̀lò, kí ẹnì kan máa lo áyọ́ọ̀nù, kí ẹlòmíì máa sọ pé gílóòbù kan lòun ní, kò lóǹkà. Kí bóòhóòlù jìnnà sí ṣáláńgá dáadáa, ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe ahun.

Káyọ̀dé àbúrò ẹ tó o ní kó máa gba owó ilé, mi ò ní sọ̀rọ̀ ẹ̀ láìdáa, ojú mi ló ṣe dàgbà. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹni tó ń gba owó náà jẹ́ ẹni tó ń ra ọjà àtúnṣe, tí kò wá sí ẹlòmíì tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Kí owó wọ báńkì ẹ tààrà, kí ayálégbé ní nọ́ńbà ẹ, kó lè sọ fún ẹ fúnra ẹ̀ pé àjà ti ń jò. Àti pé tó bá sọ ọ́, dá a lóhùn lọ́jọ́ náà, kódà tí owó ò bá tíì sí.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni walẹ̀ báyìí. Ẹ̀ẹ̀rùn lo fi wo ilẹ̀ yẹn nígbà tó o wá, o ò tíì rí i lójò. Lọ́jọ́ Sátidé n óò wọ bọ́ọ̀tù lọ síbẹ̀, n óò ya fídíò fún ẹ látẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀yìn, n óò ti igi bọ ilẹ̀ kó o rí ibi tí omi dé. Ọmọkùnrin púlọ́mbà yẹn ní òun á tẹ̀lé mi, ọjọ́bọ̀ ló ń bọ̀ wá lẹ táìsì. Mo ti sá bébà sìmẹ́ǹtì náà sórí fẹ́ǹsì, tó bá gbẹ n óò fi sínú Bíbélì Bàbá Dàmọ́lá.

Kí àwọn ìbejì fún mi.

Èmi ni tìẹ,
Ìyá Dàmọ́lá