Ẹ yé dẹnu ìfẹ́ kọ gbogbo èrò ọkọ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó ń kọ ojú ìwé géèmù yín ní nínú Mass Effect, géèmù ìrìn àjò ojú ọ̀run, ìfẹ́ tí Shepard, ọ̀gá ọkọ̀ tí a fi ń ṣeré, fúnra rẹ̀ bá yàn nìkan ló ní láárí, pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni bí àwọn yòókù ṣe ń bára wọn tage. Mi ò gbà. Ẹni tó ń dẹnu ìfẹ́ kọ gbogbo èrò ọkọ̀ ni kì í rí èyí tó dùn jù níbẹ̀.

Ẹ wo Garrus àti Tali, méjì nínú àwọn ọmọ ogun Shepard, nínú Mass Effect 3 tó jáde lọ́dún 2012. Shepard kò gbọdọ̀ fẹ́ ọ̀kankan nínú wọn, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ wà láàyè. Wíwà láàyè yìí ló ń ṣòro. Ẹni tó bá kú síbi iṣẹ́ àlọ-má-bọ̀ tó kẹ́yìn Mass Effect 2 ti lọ nìyẹn. Bí ẹ bá sì gbè sẹ́yìn àwọn geth, ẹ̀rọ tó ń ronú tó ń bá àwọn ènìyàn Tali jà, ní Rannoch tí í ṣe ilẹ̀ àbínibí wọn, tí kò sí àlàáfíà, Tali á bẹ́ láti orí àpáta. Láti apá kejì ni ẹ ti ń wá àlàáfíà náà: ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé Tali kúrò láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀ níbi ìgbẹ́jọ́ rẹ̀. Ní apá kẹta, ẹ parí iṣẹ́ àwọn ọkọ̀ ogun geth kí ẹ tó wọ ìjà àṣekágbá Rannoch, ẹ gba Ọ̀gágun Koris, ọ̀kan nínú olórí àwọn ènìyàn Tali, là, kí òkìkí Shepard sì ti ga dáadáa. Tó bá kù díẹ̀ kí ẹ kọlu ibùdó Cerberus, ẹgbẹ́ ọ̀tá kan, ẹ wọ yàrá ìbọn ńlá nínú Normandy, ọkọ̀ Shepard. Ẹ ó ká Garrus àti Tali mọ́ ibi tí wọ́n ti dì mọ́ra.

Ken àti Gabby, àwọn ẹnjiníà méjì tí àwọn náà lè fẹ́ra, ń fẹ́ ìbuwọ́lù yín ní ọ́fíìsì àwọn Spectre, aṣojú àṣẹ pàtàkì bíi Shepard, ní Citadel, ibùdó ńlá ojú ọ̀run, kí wọ́n tó padà sínú ọkọ̀. Bí ẹ bá sì ti fi ìdáǹdè wọn lọ́wọ́ àwọn ajínigbé falẹ̀ ní apá kejì, wọ́n lè ti kú.

Àbùkù kan wà níbẹ̀ lójú mi ṣá. Alárinà ni wọ́n sọ Shepard dà. Joker, awakọ̀ Normandy, ń wá gbàmọ̀ràn nítorí EDI, ọpọlọ ẹ̀rọ ọkọ̀ náà, tó wù ú. Ẹ ní kó má ṣe é, ó parí. Ṣé ọ̀gá ló yẹ kó máa dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀?

Dragon Age: Inquisition (2014), tí BioWare kan náà ṣe, gbọ́n ju ìyẹn lọ. Èébú ni Dorian, oníṣẹ́ idán ará Tevinter, àti Iron Bull, jagunjagun Qunari, fi bẹ̀rẹ̀, torí Tevinter àti Qunari ti ń jagun ọjọ́ ti pẹ́. Ẹ má fẹ́ ọ̀kankan nínú wọn, ẹ mú méjèèjì dání, ẹ máa fẹsẹ̀ rìn. Àárín ìrìn ni ọ̀rọ̀ wọn ti ń jáde díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá gun ẹṣin, àwọn tó tẹ̀ lé yín á pòórá, ọ̀rọ̀ á dákẹ́. Ẹnikẹ́ni kò ní bi yín bóyá kí wọ́n fẹ́ra.

Ibì kan ṣoṣo lọwọ́ yín ti lè bà á jẹ́. Bí ẹ bá fi àwọn ọmọ ogun Bull, àwọn Chargers, rúbọ nítorí àdéhùn pẹ̀lú Qunari, Bull á dalẹ̀ yín nínú Trespasser (2015), àfikún géèmù náà. Ìfẹ́ Dorian kò ní dá a dúró.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.