Ìkéde: Ìpàdé Àyẹ̀wò Òwò, Kúbwà, Àbújá

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ kú ọjà o. Ajé á wọgbá.

Ìpàdé wa ti ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní gbọ̀ngàn tí a máa ń lò ní Kúbwà, kì í ṣe ìpàdé owó àjọ. Oníkálukú yóò yẹ òwò ara rẹ̀ wò, yóò sì kọ ètò oṣù mẹ́fà tó ń bọ̀ sílẹ̀.

Ẹ mú ìwé ìṣirò yín dání. Ẹni tí kò bá ní, kó kọ ohun tó rántí láti ilé: iye tó tà lóṣù tó kọjá, owó ṣọ́ọ̀bù, epo jẹnẹrétọ̀, gbèsè tó jẹ àti èyí tí wọ́n jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ gbèsè yìí ló ká mi lára jù. Ọ̀pọ̀ wa ní Wúsè àti Nyanya ló ń tàwìn láì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjà á tán, owó ò ní sí nílẹ̀, a ó wá máa sọ pé ọjà ò tà. Owó ilé àti owó ọjà tún wà nínú àpò kan náà. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá èrè ló ń jẹ tàbí ojú owó.

A ó mẹ́nu ba owó orí pẹ̀lú. Ẹni tó ń dá òwò ṣe gbọ́dọ̀ kọ iye tó wọlé fún un lọ́dún tó kọjá ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ owó orí, ó pẹ́ jù ọjọ́ 31 oṣù Kẹta.

Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè mú ọmọ rẹ̀ kan wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fèsì síbí kó tó di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ká lè mọ iye àga tí a ó tò.

Akọ̀wé ẹgbẹ́