Ìwà Nìkan Kọ́ Ló Tan Sífílísì Ká Láàárín Àwọn Onílẹ̀ Ọsirélíà

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí sífílísì, àrùn kan tó ń ràn nípasẹ̀ ìbálòpọ̀, láàárín àwọn Aborígínì, ìyẹn àwọn onílẹ̀ tí òyìnbó bá ní Ọsirélíà, mo sì rí i pé ìwà àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ nìkan ni òǹkọ̀wé yín di gbogbo ẹ̀bi rù.

Ọdún 2011 ni àjàkálẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní àríwá ìpínlẹ̀ Queensland. Ó dé Northern Territory ní 2013, ó wọ ẹkùn Kimberley ní ìpínlẹ̀ Western Australia ní 2014, ó sì ti kan South Australia ní 2016. Àwọn ọmọ ọdún 15 sí 29 ló ń mú jù, bẹ́ẹ̀ ni ó pa àwọn ìkókó kan tí wọ́n kó o láti inú oyún. Àrùn tí abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì ti ń wò láti 1943 mà ni à ń sọ yìí! Ṣùgbọ́n ní àwọn ìletò tó jìnnà sí ìlú ńlá, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, ó sì lè jẹ́ pé kí èsì tó padà, aláìsàn ti lọ sọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀ ní ìletò mìíràn, nọ́ọ̀sì tó gba ẹ̀jẹ̀ náà sì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ìtàn ni àpilẹ̀kọ yín fò dá pátápátá. Láti 1908 títí di 1919, ìjọba Western Australia ń kó àwọn onílẹ̀ tí wọ́n fura sí pé wọ́n ní àrùn ìbálòpọ̀ lọ sí àwọn erékùṣù kan, ọkùnrin sí Bernier, obìnrin sí Dorre. Ọlọ́pàá ló ń kó wọn, wọ́n a fi ṣẹ́ẹ̀nì so ọ̀pọ̀ wọn lọ́rùn, ọ̀pọ̀ sì kú síbẹ̀ láìfojú kan ilé mọ́. Queensland náà ṣe irú rẹ̀ ní Fantome Island láti 1928. Ẹni tí wọ́n ṣe bàbá ńlá rẹ̀ báyìí kò lè tètè fọkàn tán dókítà ìjọba.

Ní 2018 ni ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ohun èlò àyẹ̀wò tí ẹ̀jẹ̀ orí ìka tó fún, tí èsì rẹ̀ ń jáde ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, fún àwọn ilé ìwòsàn tí àwọn onílẹ̀ fúnra wọn ń darí, irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní Redfern, ní ìlú Sydney, ní 1971. Aláìsàn lè gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀. Bí òǹkọ̀wé yín bá tún máa kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí ó bi ìjọba Ọsirélíà léèrè ohun tó fà á tí ó fi gba ọdún méje kí ohun èlò yìí tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan ní Ìbàdàn