Ìpàdé Sátidé: Ìtàn Ime Udoka

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Kàbà, Mọ̀pà àti Ìsánlú, ọ̀kun o!

Ní Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a ó pàdé ní pápá básíkẹ́tì wa ní Kàbà. A ó kọ́kọ́ jókòó sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù.

Ìdí rẹ̀ rèé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí ọ̀kan nínú àwọn àbúrò wa tó jókòó sídìí òpó, ó gbá bàtà rẹ̀ mọ́ àyà, torí pé wọn kò mú un níbi àṣàyàn. Ó dùn mí gan-an. Mo fẹ́ kó gbọ́ nípa Ime Udoka, agbábọ́ọ̀lù básíkẹ́tì tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá ní NBA, ìyẹn líìgì básíkẹ́tì ńlá ti Amẹ́ríkà.

Ìlú Portland ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1977, ọmọ Nàìjíríà sì ni bàbá rẹ̀. Nínú NBA, eré 4 péré ló gbá fún ẹgbẹ́ Lakers, 8 fún Knicks. Lẹ́yìn náà ló dé ẹgbẹ́ Portland, Spurs àti Kings. Ó wọ aṣọ Nàìjíríà níbi ìdíje àgbáyé ọdún 2006. Nígbà tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó di igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá lábẹ́ Gregg Popovich, ọ̀gá akọ́nimọ̀ọ́gbá Spurs nígbà náà, wọ́n sì gba ife NBA ní 2014. Ọdún àkọ́kọ́ tó di ọ̀gá pátápátá ní ẹgbẹ́ Boston, ó kó wọn dé àṣekágbá NBA ti 2022. Ẹgbẹ́ Houston ló ti ń kọ́ láti 2023.

Ẹ̀yin ará Ìsánlú, ẹ tètè gbéra. Kí kálukú mú omi tirẹ̀ dání.

Akọ̀wé ẹgbẹ́