Ẹ Bá Mi Kọ Orúkọ Wọn Mọ́ Ti Bàbá

Cork, Ireland

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìnira ẹsẹ̀. Mo dúpẹ́ pé ẹ ti padà sẹ́nu Mísà àárọ̀. Owó oògùn á wọlé kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Oṣù Kọkànlá, oṣù àwọn òkú, ti dé tán. Mo mọ̀ pé ẹ ti gba àpòòwé ní Sacred Heart, tí ẹ ó kọ orúkọ Bàbá àti ti àwọn àgbà wa sí. Ẹ jọ̀ọ́, àwọn kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi kún wọn.

Wilton ni mo ti ń gba Kòmúníọ̀nù níbí, ìjọ àwọn Fadá SMA, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Kátólíìkì tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Áfíríkà. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ń sin òkú wọn sí. Mo máa ń yà síbẹ̀ lẹ́yìn Mísà, mo ń ka orúkọ lára òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló fi ìyá òun bàbá sílẹ̀, tí wọ́n lo agbára wọn tán nílẹ̀ Áfíríkà. Bíṣọ́ọ̀bù Field tó fi òróró sàmì sí yín níwájú orí nígbà tí ẹ wà lọ́mọge, SMA ni. Òun ló wà lórí àga Oǹdó kí Bíṣọ́ọ̀bù Alonge tó gorí i rẹ̀ ní 1976.

Bàbá Fadá kan tó ti darúgbó bi mí, Yorùbá ló fi bi mí o, bóyá àwọn ìyá ṣì ń ru iṣu jó lọ síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìkórè. Mo ní wọ́n ṣì ń ṣe é. Ó di ọwọ́ mi mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

Màmá, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Àwọn wọ̀nyí kò gbéyàwó, wọn kò bímọ. Bí àwa tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún àwọn òbí wa kò bá pe orúkọ wọn níwájú pẹpẹ, ta ni yóò pè é?

Ẹ kọ Bíṣọ́ọ̀bù Field. Ẹ kọ Fadá tó so ẹ̀yin àti Bàbá pọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí kàtíkíìsì kàn ka "àwọn Fadá òyìnbó" kó sì kọjá lọ. Orúkọ ni kó pè. Ẹ sì fi àwọn ará wa tí wọ́n pa nínú ìjọ St. Francis ní Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì 2022 kún un. Ọkàn mi kò kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ tètè lọ rí Fadá nítorí Mísà ọjọ́ 2 oṣù náà, ọjọ́ ìrántí gbogbo olóògbé. Láti 1915 ni Póòpù Benedict XV ti yọ̀ǹda pé kí Fadá ṣe mẹ́ta lọ́jọ́ náà, àmọ́ ọ̀kan péré ló lè fi tọrọ fún ẹni tí a bá yàn. Ti gbogbo olóògbé ni èkejì, ẹ̀kẹta sì wà fún èrò ọkàn Póòpù. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò rí i gbà.

Owó Mísà wà lọ́wọ́ Tọ́pẹ́. Bí kò bá tó, ẹ pè mí.

Ọmọ yín,
Káyọ̀dé