Lẹ́tà sí Àkànbí ní Sábẹ, nípa èèpo ẹ̀pà

Ìṣẹ́yìn

Àkànbí ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì rí ìbéèrè rẹ nípa òkìtì èèpo ẹ̀pà tí wọ́n ń dáná sun lẹ́bàá ọjà yín, bóyá àgbẹ̀ lè rí nǹkan fi ṣe. Sun ún di èédú, má jẹ̀ẹ́ kí ó di eérú, kí o sì dá a padà sínú ilẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ń pè ní biochar nìyẹn.

Bí a bá ro èèpo náà mọ́ ilẹ̀ láìsun ún, àwọn kòkòrò tín-ín-tín tó ń jẹ ẹ́ yóò kọ́kọ́ lo naitirojíìnì inú ilẹ̀, ìyẹn oúnjẹ tó ń mú kí ewé tutù, àgbàdo yóò sì pọ́n léwé. Ṣùgbọ́n tí a bá sun ún níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti pọ̀, èédú rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Lẹ́bàá odò Amazon ní Brazil, ilẹ̀ dúdú ọlọ́ràá tí àwọn ará àtijọ́ fi èédú, egungun àti pàǹtí ilé ṣe ṣì ń mú irè jáde, bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú rẹ̀ ti lé ní 1,000 ọdún.

Dúróòmù onírin tó ṣí lẹ́nu ti tó láti fi sun èèpo náà. Òkè ni kí o ti ṣáná sí èèpo gbígbẹ, má ṣe ti ìdí, nítorí ọwọ́ iná tó wà lókè ni yóò jó èéfín tán, òun náà ni kò sì ní jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dé ìsàlẹ̀. Bí eérú funfun bá ti ń yọ lójú èyí tó wà lókè, da díẹ̀ sí i lé e. Nígbà tí ó bá kún, bu omi sí i títí tí kò fi ní ṣe ṣìì mọ́. Má ṣahun omi o, èédú tó bá fi iná pamọ́ sínú lè jó àká lóru.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kánjú nìyí: èédú kì í ṣe ajílẹ̀. Ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin ló kún inú rẹ̀, bí ó bá sì wọ ilẹ̀ lófìfo, oúnjẹ tó yẹ kí ọ̀gbìn jẹ ni yóò kọ́kọ́ fà mọ́ra. Gún un, pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tàbí ti ewúrẹ́, wọ́n omi sí i, kí o sì bò ó fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí o tó máa bu ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan sí ojú ebè. Ilẹ̀ oníyanrìn tí òjò ń fọ ajílẹ̀ rẹ̀ lọ, tó sì ti kan (ìyẹn ni pé ásíìdì ti pọ̀ nínú rẹ̀), ni yóò jàǹfààní rẹ̀ jù. Níbi tí ilẹ̀ kò bá kan, díẹ̀ ni kí o lò.

Ní ti èèpo kajú, rọra ṣe. Òróró inú rẹ̀ máa ń bó ènìyàn lára, èéfín rẹ̀ sì máa ń ta ojú àti ọ̀nà ọ̀fun. Mi ò ní bá ọ sun ún nínú dúróòmù àgbàlá láé. Bí àwọn tó ń fọ́ kajú ní Sábẹ bá ń fún òróró náà jáde kí wọ́n tó da èèpo nù, kọ̀wé sí mi, kí o sì bá mi béèrè iye tí wọ́n ń ta àpò kan.

Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ayọ̀délé