Ọrùn ọmọ tó dúdú kì í ṣe ìdọ̀tí

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka ohun tí ẹ kọ lórí àwọn ọmọ tó ń sanra jù ní Abuja níbí, inú mi sì dùn pé ẹ gbé e jáde. Ibi tí ẹ ti ní ọ̀kánjúwà oúnjẹ ló ń dà wọ́n láàmú ni n kò fara mọ́. Nọ́ọ̀sì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Kubwa, mo sì ń rí bí irú ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń dun àwọn ọmọ náà tó.

Ọ̀rá ara kì í kàn jókòó lásán, ó ń ṣe họ́mọ́ọ̀nù, ìyẹn èròjà tó ń gba inú ẹ̀jẹ̀ jíṣẹ́ káàkiri ara. Ní 1994 ni Jeffrey Friedman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York ṣàwárí leptin, èyí tí ọ̀rá ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti sọ fún ọpọlọ pé ohun tó wà nípamọ́ ti tó. Bí ọ̀rá bá ṣe ń pọ̀ ni leptin ń pọ̀, títí ọpọlọ á fi dà bí ẹni tó kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta, tí etí rẹ̀ kò kọbi ara sí ariwo náà mọ́. Ebi ń pa ọmọ yẹn lóòótọ́. Kí la wá ń bú u sí?

Ti adiponectin yàtọ̀. Ọ̀rá ló ń ṣe òun náà, ṣùgbọ́n bí ọ̀rá ikùn bá ṣe ń pọ̀, ńṣe ló ń dín kù. Bẹ́ẹ̀ òun ló ń ran ínsúlínì, họ́mọ́ọ̀nù tó ń darí ṣúgà, lọ́wọ́ kí ṣúgà lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú iṣan ẹran ara. Tí kò bá tó mọ́, ara ò ní dá ínsúlínì lóhùn bó ṣe yẹ, pancreas, ẹ̀yà ara tó ń ṣe ínsúlínì, á sì máa ṣe é púpọ̀ sí i. Ó lè pẹ́ lórí èyí, tí àyẹ̀wò ṣúgà ọmọ á ṣì máa fi hàn pé kò sí nǹkan, kí àtọ̀gbẹ tó wọlé.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí. Ínsúlínì tó bá pọ̀ jù lára a máa jẹ́ kí awọ ẹ̀yìn ọrùn àti abíyá nípọn, kó sì dúdú kirikiri. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n fi kànìnkànìn fọ ọrùn rẹ̀ títí ó fi bó. Àwọn mìíràn ń fi ìpara abóra pa á. Ìdọ̀tí kọ́! Ẹ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má febi pa á o. Bí ìsanrajù náà bá ti ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọrùn náà sábà máa ń mọ́ fúnra rẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 60 gbára jìgì lójúmọ́. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí i? Mọ́tò ló ń gbé wọn wá, mọ́tò ló ń gbé wọn lọ, lẹ́sìnnì ló gba ìrọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ ilé ìwé aládàáni ò sì ní pápá. Mínírà ló wà ní kantíìnì. Owó orí náírà 10 lórí lítà kan tí ìjọba gbé lé ohun mímu aládùn ní 2022 kéré jù: náírà 5 péré ló kan ìgò 50cl.

Ẹ bá mi tẹ àwòrán irú ọrùn bẹ́ẹ̀ jáde, láìfi ojú ọmọ kankan hàn, kí àwọn òbí lè dá a mọ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì, Kubwa, Abuja.